Ẹ máa bi wá ní ohun tá a ti ń lò kẹ́ ẹ tó ta ewé inú ìgò fún wa

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde, torí mo rí i pé àwa obìnrin ọjà ń kó sí i gan-an.

Léésì ni mò ń tà ní Balógun, Ìkòròdú ni mò ń gbé, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á ti mọ ohun tójú mi ń rí, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí mo ti wà nídìí ọkọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní lílọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní bíbọ̀, tí mo bá wá délé tán oorun ò ní kun ojú mi, owó ọjà, owó iléèwé, gbogbo ẹ̀ á máa yí po lórí mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ni ọmọ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ní kí n lọ ra ashwagandha, pé ewé Íńdíà ni, pé ó ń fọkàn ẹni balẹ̀. Mo rà á ní kẹ́mísìtì kan, kápúsù 60, méjì lójúmọ́. Ẹni tó tà á fún mi ò bi mí ní nǹkan kan ju pé ṣé tìránsífà ni àbí káàṣì.

Bẹ́ẹ̀ mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti 2021 o. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mò ń gé léésì yáàdì márùn-ún fún kọ́sítọ́mà, bí mo ṣe ní kí n nàró báyìí, òòyì kọ́ mi, ojú mi ṣú, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi, ọpẹ́lọpẹ́ kọ́sítọ́mà yẹn tó gbá mi mú. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru kiri ọjà wò mí, 92 lórí 58 ló bá a, ó ti wálẹ̀ jù.

Dókítà ní kí ni mo tún ń lò mọ́ oògùn òun, mo ní kò sí. Mi ò parọ́, lọ́kàn tèmi ewé kì í ṣe oògùn. Àfìgbà tó ní "àgbo ńkọ́, kápúsù ńkọ́?" ni mo tó rántí. Ó ní ashwagandha lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tó bá wá pàdé oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó lè wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà, oògùn táírọ́ọ̀dì (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn) tàbí oògùn oorun gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un, kí aboyún má fẹnu kàn án, ó sì ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Denmark fòfin dè é ní 2023. Mi ò sọ pé kò wúlò o, àyẹ̀wò wà tó fi hàn pé ó ran àwọn kan lọ́wọ́ láti sùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò ju oṣù méjì mẹ́ta lọ.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé èmi Yorùbá lẹnu mi gbà á láti sọ pé ewé kì í ṣe oògùn. Asofẹ́yẹjẹ táwọn bàbá wa fi ń tọ́jú ẹni tórí ẹ̀ dàrú ńkọ́? Lára ìbátan ẹ̀ tó wà ní Íńdíà làwọn onímọ̀ ti yọ reserpine ní 1952, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gidi sì ni. Ìyá eléwé tí màámi máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Jáńkárà, kò ní já ewé kankan fún ẹ kó tó bi ẹ́ pé ta ló fẹ́ lò ó, ṣé oyún wà nínú ẹ̀, kí ló ti ń lò bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á nínú ìgò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi wá bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀yin dókítà náà máa dárúkọ àgbo àti kápúsù fún wa, torí tẹ́ ẹ bá ní "oògùn" nìkan, ọ̀pọ̀ wa ò ní rántí.

Ìgò mi ṣì wà lórí fíríìjì, ó ku kápúsù 42 nínú ẹ̀. Dókítà ní kí n gbé e dání wá lọ́jọ́ Tuesday.

Èmi ni,
Oníléésì kan ní Balógun, Èkó.