Kí Ẹ Tó Fi Ètò Ilé-Ẹ̀kọ́ Yẹn Ránṣẹ́

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òkun o. Ilé ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà ò pọ̀ jù?

Mo ti ka ètò àtúnṣe ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ lọ́hùn-ún. Owó yín á wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan kọ́ ló yẹ kó sọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà fún.

Ṣé o rántí ìtàn àwa ọmọ Òkun, ará Kabba àti Yàgbà? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 kò kàn wá, torí abẹ́ ìjọba Àríwá la wà. Ó di 1976 kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé. Ibòmíràn ni wọ́n ti pinnu fún wa. Àpérò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 1969 yàtọ̀: àgbẹ̀, obìnrin, òṣìṣẹ́ àti àwọn ẹlẹ́sìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé, ibẹ̀ sì ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 ti ṣẹ̀.

Ìgbìmọ̀ SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń bá ilé-ẹ̀kọ́ ṣàkóso, wà fún irú nǹkan báyìí: òbí, olùkọ́, baálẹ̀, àwọn obìnrin, kódà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni wọ́n á pèpàdé, wọ́n á ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á buwọ́ lùwé, ó tán. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ká sọ èdè Òkun tiwa. Kí àwọn ìyá kọ́kọ́ jókòó lọ́tọ̀. Kí àwọn olùkọ́ náà sọ tiwọn láìsí ọ̀gá kankan láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, torí olùkọ́ tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbé òun lọ sí abúlé tó jìnnà kò ní í la ẹnu.

Ṣáájú ìpàdé, kí olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn pe ọmọ mẹ́wàá ní Prámárì Kẹrin wọ kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ka ìpínrọ̀ kan ní Yorùbá, kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Iye tó kà á já ni kó kéde, kó má dárúkọ ọmọ kankan. Bó bá jẹ́ ọmọ méjì péré ló kà á, àwọn òbí fúnra wọn á mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ rà ló kàn.

Kí àfojúsùn má ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti oṣù tó máa parí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá pe àwọn onímọ̀ láti sọ ọ̀nà tí a ó gbé e gbà. Owó oṣù àti ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ọwọ́ ìjọba nìyẹn ṣì wà.

Bá mi sọ fún akọ̀wé yín kó dá ètò náà dúró títí a ó fi wa iṣu tán, kí gbogbo ilé lè rí ààyè wá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.