Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbé ọkọ̀ Pọtogí lọ, tó sì gbé e bọ̀

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Salvador? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi kó àwọn èèyàn wa wá sí Bahia ní Bràsíl tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọn àti owó ni ọ̀pọ̀ fi ń dáhùn ìbéèrè yìí. Èmi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ lórí òkun kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Pọ́túgà. Ní 1434, Gil Eanes, atukọ̀ Pọtogí, wakọ̀ kọjá Cape Bojador, létí aṣálẹ̀ Sàhárà. Lílọ kò le, torí pé afẹ́fẹ́ àríwá-ìlà-oòrùn ló ń fẹ́ létíkun yẹn, omi òkun náà sì ń ṣàn gba gúúsù. Bíbọ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ onígbòkun igun mẹ́rin kò lè kojú afẹ́fẹ́ yẹn. Caravel, ọkọ̀ kékeré tí ìgbòkun tirẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, lè sún mọ́ ọn díẹ̀ bó bá ń rìn ní kọ́lọkọ̀lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ìyẹn ń gbà, omi mímu á sì tán.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀. Láti Guinea, ọ̀gá ọkọ̀ á darí sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn, á wọ agbami lọ, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa lu ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀, títí yóò fi dé ọ̀gangan erékùṣù Azores, ní nǹkan bí dígírì 38 sí àríwá. Níbẹ̀, ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ọkọ̀ á yí imú padà, ó di Lisbon. Volta do mar ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Bí o bá wò ó lórí máàpù, wàá rò pé orí wọn dàrú: ẹni tó ń lọ sílé ń sá fún ilé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àwọn ti dé ọ̀gangan Azores láìrí ilẹ̀? Ìràwọ̀ àríwá ni. Iye dígírì tó fi ga sókè ló ń sọ bí o ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ quadrant ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú okùn tí wọ́n so òjé mọ́ nídìí, àmọ́ bí ọkọ̀ bá ń mì, okùn á máa fì. Irinṣẹ́ kejì, astrolabe ti ojú omi, sàn jù: idẹ tó wúwo, tí wọ́n dá ihò sí lára kí afẹ́fẹ́ má bàa máa tì í kiri. Bí wọ́n bá ti kọjá ìlà agbedeméjì, ìràwọ̀ náà á pòórá, oòrùn ọ̀sán gangan ni wọ́n á máa wọ̀n, wọ́n á sì yẹ tábìlì (ìwé ìṣirò ipò oòrùn) wò, torí ipò oòrùn ń yí lójoojúmọ́. Abraham Zacuto, Júù onímọ̀ ìràwọ̀, ló ni tábìlì tí wọ́n tẹ̀ ní Leiria ní 1496. Ọdún yẹn kan náà ni ọba Pọ́túgà pàṣẹ pé kí àwọn Júù jáde nílùú. Wo ìwà!

Vasco da Gama, ọ̀gá ọkọ̀ Pọtogí tó ń wá ọ̀nà Íńdíà, kúrò ní Lisbon ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, 1497. Lẹ́yìn erékùṣù Cape Verde, ó yà wọ agbami, ó sì lé ní oṣù mẹ́ta kó tó rí ilẹ̀. (Columbus tí ayé ń pariwo, ọjọ́ 36 ló lò láti erékùṣù Canary.) Ìpadàbọ̀ láti Íńdíà ló ti ṣìṣe. Lórí òkun ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ní agbedeméjì ọdún, á sì yíjú padà ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Àwọn atukọ̀ Lárúbáwá àti Gujarat ti mọ èyí láti ayébáyé. Pẹ̀lú amọ̀nà tí da Gama gbà ní Malindi, létíkun ìlà oòrùn Áfíríkà, kò tó oṣù kan tó fi dé Calicut ní Íńdíà ní 1498. Nígbà tó ń padà, kò dúró de àsìkò. Òpin oṣù Kẹjọ ló kúrò ní Calicut, òkun tó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ sì gbà á ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Ibẹ̀ ni àrùn scurvy ti mú wọn. Bisikíìtì gbígbẹ àti ẹran oníyọ̀ kò ní vitamin C, ara kò sì lè gbé e pẹ́ ju oṣù méjì mẹ́ta lọ. Ẹran ìdí eyín á wú bo eyín, ẹsẹ̀ á wú, egbò tó ti jinná á tún là. Nǹkan bí èèyàn 30 kú. Lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, èèyàn méje tàbí mẹ́jọ ló kù tó lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Malindi, ọsàn ni wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn wá fún àwọn aláìsàn. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ São Rafael, torí kò sí ọwọ́ tí yóò tù ú mọ́.

Ní 1500, Cabral, ọ̀gá ọkọ̀ Pọtogí mìíràn, kó ọkọ̀ 13 gba agbami kan náà, ó yà sí ìwọ̀ oòrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rí ilẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin. Ibi tó gúnlẹ̀ sí, gúúsù Bahia yín níbẹ̀ ni.

Wá wo ọ̀dọ̀ wa wàyí. Létíkun Ouidah, Àgbádárìgì àti Èkó, omi òkun ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ sì ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá. Ọkọ̀ tó bá ní òun fẹ́ tọ etíkun padà sí ìwọ̀ oòrùn ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni. Gúúsù ni ó máa ń dorí kọ, títí dé agbègbè ìlà agbedeméjì, kí ó tó bá afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn pàdé, kí ó wá yà. Bràsíl ló kù níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń kú nítòsí ìlà yẹn. Bó bá kú, omi mímu á wọ́n, àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù.

Nítorí náà, oníṣòwò Bahia kò ní láti gba Lisbon kọjá. Tábà ló ń kó wá fi ra ẹrú: ewé tí kò dáa tó èyí tí Lisbon ń gbà, tí wọ́n lọ́ bí okùn, tí wọ́n fi omi ìrèké tó nípọn pa lára kó má bàa gbẹ. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ní Ouidah débi pé àwọn òyìnbó mìíràn náà ń wá a kiri. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fi dàrú, tí ogun gba ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún 19, ọ̀nà yẹn ti là kedere. Bràsíl fòfin de òwò ẹrú ní 1831, wọn ò kà á sí. Àfi ìgbà tí òfin 1850 dé.

Ọ̀rọ̀ erékùṣù São Tomé àti ìrèké ṣì kù, mà á kọ ọ́ sí ọ nígbà mìíràn. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Adéwálé