Àwòrán àtijọ́, ìròyìn òní

Sí Olóòtú,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán omíyalé kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹlẹ̀. Èmi náà kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Àfìgbà tí mo fi Google wá orísun àwòrán náà ni mo rí i pé ó ti lé lọ́dún mẹ́fà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. (Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú.)

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ṣe lórí Twitter, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé irọ́ máa ń yára tàn ju òótọ́ lọ, àti pé àwa èèyàn gan-an ló ń tàn án kálẹ̀, ká má di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Bí ẹ bá rí àmì ọfà méjì lórí àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá nìyẹn. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìgbà wo? “Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́” tí a máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kò yọ wá nínú ẹ̀bi.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín