Lẹ́tà sí Àkànní, àbúrò mi, lórí owó pátákó tó béèrè

Àkànní mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n fi ọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, inú bàbá wa ì bá dùn ká ní ó wà láyé. O ní iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín ni pé kí ẹ tún orúkọ àwa onígbàgbọ́ ṣe ní Àbújá, nítorí àwọn èèyàn ti ń fojú burúkú wò wá. O ní ẹ fẹ́ gbé pátákó ńlá sí ojú títì márosẹ̀ Kubwa, ẹ fẹ́ dá ẹ̀wù kan náà fún gbogbo ọmọ ìjọ, ẹ sì fẹ́ ra àkókò lórí rédíò. O ní kí n fi 50,000 náírà ràn yín lọ́wọ́.

Owó náà wà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó lọ sórí pátákó. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún 2019 tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí.

O rántí ilé tí mo gbé ní Mararaba kí n tó kó wá sí Lugbe. Omi ẹ̀rọ kò dé àdúgbò yẹn, ọwọ́ mairúwà la ti ń ra omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Katsina ló ń gbé tiwa wá. Á to kẹ́ẹ̀gì sínú ọmọlanke, á máa tì í bọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìta wa nínú oòrùn, ẹ̀wù rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. "Àbókí" ni gbogbo wa nínú ọgbà ń pè é. Ọmọ mi, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà yẹn, àbókí lòun náà ń pè é. Ọ̀rẹ́ ni àbókí lédè Haúsá, àwa tí wọ́n bí sí Jos kò lè sọ pé a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń pe ọ̀rẹ́ ni à ń pè é.

Àwìn ni mo ń gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, gbèsè mi ti di kẹ̀kẹ́ omi mẹ́sàn-án, 400 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, 3,600 náírà lápapọ̀. Kì í ṣe pé n kò lówó lọ́wọ́. Oṣù yẹn gan-an ni mo san 18,000 náírà aṣọ ẹgbẹ́ fún àjọ̀dún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo san án tán kí orúkọ mi má baà gbẹ́yìn nínú ìwé.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ló wá béèrè owó rẹ̀. Mo wà níwájú dígí, mò ń wé gèlè, mò ń kọrin ìyìn. Mo gbọ́ tó kan gèètì. Mo ní kí ọmọ mi lọ sọ fún un pé mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà lọ, ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí mo ṣe rán an gẹ́lẹ́, èmi sì ń bá orin mi lọ. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, mo wa mọ́tò jáde. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó dojú kẹ́ẹ̀gì kan dé, ó jókòó lé e lẹ́bàá gèètì. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Kò bú mi, kò bi mí pé ta ló wá ń kọrin nínú ilé. Ó dìde, ó fa ọmọlanke rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí mọ́tò mi lè ráyè kọjá, ó ní, "Madam, sai kin dawo." Pé ó di ìgbà tí mo bá dé.

Àkànní, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù ọjọ́ yẹn. Léfítíkù 19:13 tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ọmọdé, pé owó iṣẹ́ alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́dọ̀ èèyàn di òwúrọ̀, òun ló ń sọ lọ́kàn mi. Ti ọwọ́ mi ti sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi kọ́ ọmọ mi ní irọ́ pípa.

Ó ti lọ nígbà tí mo padà dé. Mo fi owó náà sínú àpò ìwé, mo ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò wá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí i. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn lábúlé, owó ọkọ̀ ló ń wá kiri nígbà tó jókòó sẹ́nu gèètì mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ìyá náà gbádùn, mo dúpẹ́. Ká ní ó kú ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ lédè Haúsá, mo san owó rẹ̀, mo fi nǹkan lé e, mo wá bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Sani ló ń jẹ́. Ó sì ti ń gbé omi wá fún wa lọ́dún kejì nígbà yẹn.

Bí wọ́n bá bi Sani nílé wọn pé báwo làwọn onígbàgbọ́ Àbújá ṣe rí, ta lo rò pé ó máa fi dáhùn? Kò mọ pásítọ̀ kankan. Kò lè ka pátákó tí ẹ fẹ́ gbé náà, nítorí kò lọ sílé ìwé. Èmi àti gèlè mi ló mọ̀.

O ti ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 11:26 lọ́pọ̀ ìgbà, pé Áńtíókù ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Kristẹni. "Pè wọ́n" ni Bíbélì wí. Ó jọ pé àwọn tó ń wò wọ́n ló pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ aládùúgbò ni orúkọ yìí ti wá, ọwọ́ aládùúgbò ló sì ṣì wà.

Ohun kejì tún wà tí mo fojú mi rí. Nígbà kòrónà, tí ìjọba sé Àbújá mọ́lé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí n kò ní dárúkọ pín ìrẹsì àti gàrí. Mo wà lára àwọn tó ń wọ̀n ọ́n. Ohun dáadáa ni, láìsí i ọ̀pọ̀ ilé ì bá sùn lébi. Ṣùgbọ́n káàdì ọmọ ìjọ la fi ń gbà á. Bàbá arúgbó kan wà, mẹ́gáàdì ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì náà, òun ló máa ń bá wa ṣọ́ mọ́tò lọ́jọ́ Àìkú láìgba kọ́bọ̀. Ó gbé abọ́ wá, ó tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn án, ọ̀kan nínú wa ní káàdì rẹ̀ dà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé à ń bá a ṣeré ni. Nígbà tó wá yé e, ó fi abọ́ náà sábẹ́ jalabíà rẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà rí i pé òfìfo ni, ó sì padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Àpò ìrẹsì méjì ló ṣẹ́ kù lọ́jọ́ yẹn. Mo wà níbẹ̀, n kò lanu.

Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀. Alhaji ará Bida tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, ọjà tirẹ̀ náà ti dúró látìgbà tí wọ́n ti sé ìlú. Síbẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé kúnú àti kóòsé gbígbóná kọjá sọ́dọ̀ wa. Ilé mẹ́jọ ló ń gbé e dé, onígbàgbọ́ sì ni márùn-ún nínú wọn. Kò béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń bú Mùsùlùmí lójú mi, ẹnu mi kì í lè bá wọn gbè é. Kóòsé Alhaji ló ń dá mi lẹ́kun.

Irú èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá o. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó lọ sí Mẹ́kà ló san owó WAEC rẹ.

O lè sọ pé ọ̀rọ̀ Àríwá ju ọ̀rọ̀ omi àti ìrẹsì lọ. Òótọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù bàbá wa jóná ní Jos lóṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn aládùúgbò tí bàbá wa ṣoore fún kò sì lè dá iná náà dúró. N kò gbàgbé. Ìwà pẹ̀lẹ́ kì í ṣe òògùn ọta. Ṣùgbọ́n wo Imam Abdullahi Abubakar ti abúlé Nghar, ní Barkin Ladi, ní Plateau tiwa níbẹ̀. Nígbà tí àwọn apànìyàn ya lu àwọn abúlé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2018, ó kó èèyàn 262 pamọ́ sínú ilé rẹ̀ àti mọ́sáláṣí, onígbàgbọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó dúró síta, ó ń bẹ àwọn tó gbébọn. Ọdún kejì rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un lámì ẹ̀yẹ. Arúgbó kan ní abúlé tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wo ohun tó ṣe fún orúkọ ẹ̀sìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Tiwa náà wà. Ibi tí wọ́n bí ọ sí ńkọ́? Evangel Hospital ni wọ́n kọ sára ògiri, ọdún 1959 ni àwọn míṣọ́nnárì SIM ṣí i, ṣùgbọ́n Jankwano ni gbogbo Jos ń pè é, ìyẹn páànù pupa lédè Haúsá. Bí o bá sọ fún ọlọ́kadà nígbà yẹn pé Evangel lò ń lọ, á ní kò yé òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn obìnrin tí ìrọbí tó pẹ́ jù ba ara wọn jẹ́, tí ìtọ̀ ń dà lára wọn tọ̀sán-tòru. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn ní Àríwá, ọkọ ẹlòmíràn ti lé e. Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ rí. Mo bá a níbi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Òórùn wà nínú yàrá yẹn, n kò ní purọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò yí imú. Irun ló ń bi í, pé ta ló di irun tó dára báyìí fún un. Ọmọ náà bojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ẹsẹ tí o máa fi dá mi lóhùn: Mátíù 5:16, pé kí ìmọ́lẹ̀ wa mọ́lẹ̀ níwájú ènìyàn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere ni Jésù ní kí wọ́n rí. Ẹni tó ń bá ọ gbé ti rí i kí o tó gbé kámẹ́rà. Fídíò tí ìjọ yín ṣe nílé ọmọ aláìlóbìí nígbà Kérésì yẹn dùn mí, ojú àwọn ọmọ yẹn hàn gbangba, ìrẹsì lórí itan wọn. Ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí wọn bẹ́ẹ̀? Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oore ṣe ìdẹ. Ẹni tí a fún ní oúnjẹ kò jẹ wá ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú.

Bí ìgbìmọ̀ yín bá fẹ́ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ẹ jẹ àwọn tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín lówó oṣù méjì. O tún sọ pé lọ́jọ́ àìsùn, ẹ máa ń kọjú sípíkà sí ìta, àti pé obìnrin ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ti wá bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ìlẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ kan náà ni mọ́tò yín ń dí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó rẹ̀ mí lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́ ọ, n kò sì bá ọ sọ ọ́ nígbà yẹn torí ọ̀rọ̀ mairúwà mi ń dá mi lẹ́bi.

Mo ti fi 50,000 náírà náà sínú àkáǹtì rẹ láàárọ̀ yìí. Ti àwọn tó ń gbálẹ̀ ni. Bí akọ̀wé bá bi ọ́ pé abẹ́ kí ni kí òun kọ ọ́ sí, sọ fún un pé gbèsè la san.

Ohun kan kù. Sani ti kúrò nídìí omi, kẹ̀kẹ́ Maruwa ló ń wà ní Nyanya báyìí, ìyàwó rẹ̀ sì bímọ ọkùnrin lọ́sẹ̀ yìí. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, mo sì ti ṣèlérí ọbẹ̀. Wá gbé mi láago mẹ́jọ àárọ̀ bí àyè bá wà. Ìkòkò náà wúwo, n kò lè dá a gbé wọ ọkọ̀ láti Lugbe.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àjọkẹ́