Ẹ̀sùn lórí wáyà fíltà epo: lẹ́tà kẹrin

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ọkọ̀ Òfuurufú,
Abuja.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbí kí n kúkú ní ẹ kú "ọ̀la", torí òun nìkan ni mò ń rí gbà lọ́wọ́ yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ tọ́jú ọkọ̀ òfuurufú mi, ẹ sì dá a padà láìso wáyà mọ́ nọ́ọ̀tì fíltà epo rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ yín, n kò ní tún un rò. Ọ́fíìsì ní kí n pe sítọ́ọ̀, sítọ́ọ̀ ní ọ̀dọ̀ ẹnjiníà ni, ẹnjiníà dá mi padà sí ọ́fíìsì. Lọ́jọ́bọ̀, ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní: "Ọ̀gá, ṣebí wáyà lásán ni? Àbí ẹ fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ ni?" Ó sì já fóònù mọ́ mi létí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín. Wáyà lásán yẹn ni kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tó di ife fíltà mú tú bí ẹnjíní bá ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì bá dẹ̀ báyìí, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ẹnu ife ò fún mọ́ nìyẹn. Epo á máa jò nítòsí sàlẹ́ńsà tó gbóná janjan. Àwọ̀ búlúù tó wà lábẹ́ ife náà kì í ṣe ọ̀dà. Avgas 100LL, epo ọkọ̀ òfuurufú aláwọ̀ búlúù, tó jò tó sì gbẹ ni.

Kí ni iṣẹ́ ibẹ̀? Ẹ ti epo pa, ẹ tú ife, ẹ wò ó bóyá omi tàbí iyẹ̀pẹ̀ wà nísàlẹ̀ (ẹ ṣáà mọ eruku ọyẹ́ ìhà ibí), ẹ fọ asẹ́, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Wáyà rẹ̀, 0.032 ínǹṣì, irin tí kì í dípẹtà: ẹ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú ínǹṣì kan, kó sì máa fa nọ́ọ̀tì síbi tó ń le sí. Èyí tí wọ́n bá ti tú kì í padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ṣí epo, ẹ tan ẹnjíní, ẹ tún wò ó bóyá ó ń jò, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀yin ti fọwọ́ sí tiyín. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ ti so wáyà. Wáyà wo?

Ó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹnjiníà tó ní láísẹ́ńsì wá sí háńgà, kó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì ṣàtúnṣe ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé. Kí ọmọkùnrin yẹn náà pè mí padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fọ́tò ojú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí àti ti nọ́ọ̀tì tó wà níhòòhò á dé tábìlì NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀la ò sí nínú ìyẹn.

Èmi ni oníbàárà yín, títí di ọjọ́ Ẹtì.