Kì í ṣe gbogbo ìmìtìtì ilẹ̀ ni àmúwá Ọlọ́run

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ìmìtìtì ilẹ̀, ó dáa, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ní kò sọ́wọ́ èèyàn nínú ẹ̀ rárá yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọwọ́ èèyàn máa ń wà níbẹ̀ nígbà míì jàre.

Ẹ wo Crandall Canyon ní Utah l'Amẹ́ríkà, August 6, 2007. Máìnì èédú ni, ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè láti fi wa èédú. Àwọn tó ń wa èédú máa ń dá apá kan sí bí òpó kí òkè má bàa wó lé wọn, tó bá yá wọ́n á padà wá gé òpó yẹn náà torí èédú lòun náà, owó sì ni. Ẹrù òkè tí òpó yẹn ń gbé kò ṣáà ní pòórá, orí àwọn tó kù ló máa já lé, tápá wọn ò bá wá ká a mọ́ wọ́n á fọ́ gbàmù. Bó ṣe wó lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló há sísàlẹ̀, títí dòní wọn ò gbé òkú wọn jáde, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ òmíì tún wó, ó pa mẹ́ta nínú àwọn tó lọ yọ wọ́n. Ẹni tó ni máìnì ní ìmìtìtì ilẹ̀ ló fà á, lóòótọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn bílẹ̀ ṣe mì tó ka 3.9, àmọ́ àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Utah yẹ̀ ẹ́ wò, wíwó tí máìnì yẹn wó gan-an ni ẹ̀rọ gbọ́!

Ti South Africa tún yàtọ̀ díẹ̀. Ní Stilfontein, March 9, 2005, ilẹ̀ mì dé 5.3, awakùsà méjì kú, ilé fọ́ nígboro. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń wa góòlù lábẹ́ ibẹ̀. Ilẹ̀ máa ń ní ojú ibi tó ti là látayébáyé tó sì fún pọ̀ mọ́ra, tẹ́ ẹ bá wá ń kó òkúta kúrò nítòsí ẹ̀ lọ́dọọdún, ìfúnpọ̀ yẹn á dẹ̀, ilẹ̀ á sì yọ̀ lójijì lójú ibi tó là yẹn, ohun tó ń mú ilẹ̀ mì nìyẹn.

Ó ń dùn mí torí tẹ́ ẹ bá ti pè é ní àmúwá Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó máa bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, tílẹ̀ bá tún mì nítòsí máìnì, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín pé òpó mélòó ló gé.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn