Ẹ̀sùn Lórí Bí Ẹ Ṣe Lé Èmi àti Àbúrò Mi Kúrò Nínú Ìdíje Géèmù Bọ́ọ̀lù Yín

Agbowó,
Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìdíje,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo kí yín o. Èmi àti àbúrò mi wà lára àwọn tó san ₦2,000 láti wọ ìdíje géèmù bọ́ọ̀lù tí ẹ ṣe lóṣù tó kọjá. Àwa méjèèjì la yege dé ìpele ẹlẹ́ni 16. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, a bá orúkọ wa láàárín àwọn tí ẹ pè ní oníjìbìtì. Ẹ ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo àkáǹtì méjèèjì, torí pé nọ́ńbà IP kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹni tó wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ̀, ni wọ́n ń gbà wọlé.

Òótọ́ ni, nọ́ńbà kan náà ni. Inú yàrá kan là ń gbé, hotspot fóònù mi la sì jọ ń lò, torí dátà ti wọ́n jù. Ká tiẹ̀ ní olúkúlùkù ra tiẹ̀, ìyẹn náà lè máà yàtọ̀. Nọ́ńbà IPv4, ìyẹn irú nọ́ńbà IP ti àtijọ́ tí a ṣì ń lò, tó wà ní gbogbo ayé kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ ẹyọ kan. Èmi tí mo wà ní Agbowó àti ẹni tí n kò rí rí ní àdúgbò Challenge lè jọ máa jáde lórí nọ́ńbà kan. Ṣé ẹnì kan náà ni wá nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àkọsílẹ̀ tiyín. Lálẹ́ Sátidé, láàárín agogo mẹ́jọ sí mẹ́jọ ààbọ̀, mò ń gbá tèmi, àbúrò mi ń gbá tiẹ̀, fóònù ọ̀tọ̀, alátakò ọ̀tọ̀. Ibi tó ti ń pariwo pé òun ti gbá a wọlé ni wọ́n ti gbá gólù kan sílé mi. Àtàǹpàkò méjèèjì tí mo ní, ojú fóònù mi ni wọ́n wà.

Òfin keje yín sọ pé ẹni tí ẹ bá fura sí yóò ní wákàtí 48 láti wí tẹnu rẹ̀. Ẹ kò fún wa ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tún wà tí wọ́n jọ ń gbá láti ilé kan náà. Ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù nínú fídíò yín ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó tiẹ̀ tún yìn wọ́n. Àwọn yẹn dé sẹmi-fáìnà. N kò ní kí ẹ lé wọn o, wọn ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí òfin kan náà fi mú wa, tí kò mú wọn? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ní tiwa, a kò rí ẹni rojọ́ fún rárá, ẹ̀rọ ló dá a. Òfin ìdáàbòbò dátà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì gbà kí ẹni tí ẹ̀rọ nìkan dá lẹ́jọ́ ní kí ènìyàn tún ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò. Ohun tí mò ń bèèrè nìyẹn.

Ẹ dá ₦4,000 wa padà, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń dùn mí jù. Èmi ni mo fa ọmọ yìí wọ ìdíje náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa mọ́, torí oníjìbìtì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ yọ orúkọ wa kúrò, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ẹ kọ tàkọ́kọ́ sí, kí gbogbo ènìyàn rí i, pé a kò jẹ̀bi.

Mo fi àwòrán ojú fóònù méjèèjì àti èsì bọ́ọ̀lù alẹ́ Sátidé náà mọ́ lẹ́tà yìí. Mò ń retí yín láàárín wákàtí 48.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín láti Agbowó